Bàtà Tí Wọn Kò Tíì Bí

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kejì

Òjò láti àárọ̀. Ẹ̀wà inú agolo lórí búrẹ́dì yíyan ni mo jẹ, nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún yòókù nínú ilé wa láti ilé ìdáná. Mo dúró títí wọ́n fi tú ká kí n tó lọ fọ abọ́ mi. Oṣù karùn-ún rèé tí a ti jọ ń gbé. Tamsin, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín yàrá òun àti tèmi, ló mọ orúkọ mi, mo sì rò pé ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó rántí rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń mójú tó mi fún mi ní fọ́ọ̀mù kan lónìí, èyí tí èèyàn fi ń kúrò ní yunifásítì. "Mi ò lé ẹ o," ló wí. "Ojú ẹ ni mi ò gbádùn. Mú un lọ́wọ́. Títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, o lè kọ ọ́, o sì lè ya á." Ewé méjì ni, ẹ̀yìn wọn funfun báláú. Mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejì

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo lọ sí abà ẹgbẹ́ tó ń ṣe àfihàn ayé ogun àtijọ́ nìyí. Bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fi ẹsẹ̀ rin máìlì kan nínú ẹrẹ̀. Ìrù bàálù ogun Wellington tí wọ́n ń tún tò níbẹ̀ ti dúró tán báyìí, pẹ̀lú ilé gíláàsì kékeré tí ẹni ìbọn ẹ̀yìn ń jókòó sí. Àwọn márùn-ún nínú ẹgbẹ́ ti ní àyè tiwọn nínú rẹ̀, aṣọ wọn sì pé bí àwọn ọmọ ogun òfurufú ṣe wọ̀ ọ́ lọ́dún 1941, nígbà Ogun Hítílà. Ẹni kẹfà ṣí lọ sí Scotland lẹ́yìn Kérésì. Àyè ìrù ṣófo.

Ọ̀gbẹ́ni Codd ni olórí wa. Ó pín lẹ́tà fún ogójì ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni ń wo àdírẹ́sì tí kò hàn dáadáa. Ó wò mí títí.

"Ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá wà. Àwọn márùn-ún wà níwájú, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bú ara wọn. Òun nìkan ló kọjú sẹ́yìn."

"Mo lè dá wà, sà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀.

"Ó dáa. Jákẹ́ẹ̀tì àti fìlà awọ wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Bàtà nìkan ni kálukú ń wá fúnra ẹ̀, torí ẹsẹ̀ ò dọ́gba. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni àyẹ̀wò. Bó bá pé, tìẹ ni ìrù ní ìfihàn oṣù karùn-ún."

Lorna Pask, tó ń tọ́jú aṣọ ẹgbẹ́, ò gbé ojú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Kó o tó ra ohunkóhun, ọmọkùnrin, wá bọ́ bàtà yẹn kó o fi ẹsẹ̀ hàn mí."

Ihò méjì ló wà lára ìbọ̀sẹ̀ mi. Mo ní mà á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ti bá ara mi ṣàdéhùn nínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá fún mi ní ìrù, mo dúró ní Lincoln. Bí wọn ò bá fún mi, mà á kọ fọ́ọ̀mù, mà á padà sílé ní Berwick. Ó rọrùn kí ẹlòmíràn bá mi pinnu.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejì

Màmá pè. "Ṣé o ti ń rẹ́ni bá jẹun?"

"Wọ́n pọ̀, Mọ́mì."

"Bíi ta ni?"

Mo ní Tamsin. Mo ní Reece. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Reece.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì

Mo ti rí bàtà náà. Arán-bàtà kan ní ìlú mìíràn ló ń ṣe ẹ̀dà bàtà àwọn ọmọ ogun àtijọ́, pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ràn dúdú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bàtà olókùn gidi bíi ti ẹni tó ń lọ sí báńkì, òkè rẹ̀ jẹ́ awọ rírọ̀ tó ga dé abẹ́ orúnkún, irun àgùntàn ló kún inú rẹ̀, síìpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀bẹ kékeré kan wà nínú àpò tó fara pamọ́. Bí bàálù bá já sí ilẹ̀ ọ̀tá, èèyàn á fi ọ̀bẹ yẹn gé òkè rẹ̀ kúrò, ìyókù á di bàtà lásán, á sì rìn lọ láàárín àwọn ará ìlú láìsí ẹni tó máa fura. Bàtà àsálà ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀tàlérúgba pọ́ọ̀nù. Gbogbo owó tí mo rí níbi tí mo ti ń to ẹrù sórí pẹpẹ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá nìyẹn. Mi ò sọ fún Lorna. Mo fẹ́ kó ya gbogbo wọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejì

Arán-bàtà fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kí n dúró lórí ìwé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí ìwúwo mi wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ mi ká. Ó fa ìlà sábẹ́ "ẹlòmíràn".

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi fún ìgbà pípẹ́. Tamsin kọjá pẹ̀lú agbada tó ń gbóná. "Ṣé ara ẹ yá?" ló wí. Mo ní ara mi yá. Ó kọjá.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yà á fúnra mi. Bí mo bá tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ ń fẹ̀. Bí mo bá fà sẹ́yìn, ó ń kéré. Èyí tó dáa jù nínú mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kejì

Mo yege ìdánwò kékeré lórí ìṣirò agbára irin. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí mo máa sọ fún, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti dé!

Mo ṣí àpótí lórí bẹ́ẹ̀dì. Òórùn awọ gba gbogbo yàrá. Mo ti ọwọ́ bọ inú irun àgùntàn náà, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yìí tutù, ẹ̀rọ amúlégbóná ò sì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń làágùn.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún bá mi mu. Ti òsì ń há mi ní ibi àtàǹpàkò. Mo mọ ẹni tó lẹ̀bi.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Mo pe Màmá ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà, mo gun òkè kàtídírà lẹ́ẹ̀mẹta nínú òjò, kí awọ lè gbó díẹ̀. Bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ ọmọ ogun ń tini lójú, Hollis ló sọ bẹ́ẹ̀ ní abà, òun tó ń ṣe oníwáyálẹ́ẹ̀sì inú bàálù. Mo fi ẹrẹ̀ ra gìgísẹ̀. Obìnrin arìnrìn-àjò kan bi mí bóyá mo ń ṣe fíìmù. Mo ní rárá, mà. Òun nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí yàtọ̀ sí Màmá.

Àtàǹpàkò òsì ti bó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má bàa tún un ṣe nínú orí mi.

Ọ̀gbẹ́ni Codd tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó gbé bàtà mi lé e, ó fi gíláàsì sójú. Gbogbo wọn dúró yíká. Ó gbọ́ òórùn awọ. Ó fi èékánná tẹ ìránsí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyí. Ta ló ṣe é?"

Mo sọ orúkọ ọkùnrin náà. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ó ṣí síìpù, ó tì í. Ó tún ṣí i. "Ọdún wo la wà nínú abà yìí?"

"1941, sà."

"Oṣù wo?"

"Oṣù kẹjọ, sà."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Bàtà ọdún yẹn, awọ aláwọ̀ ilẹ̀ ni, síìpù ẹ̀ wà níwájú. Ọdún 1943 ni wọ́n rán àkọ́kọ́ irú èyí. Ọmọ mi, bàtà yìí, wọn ò tíì bí i."

"Ìyá ẹ̀ gan-an ò tíì lóyún ẹ̀!" ni Hollis wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kí mi bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá. "Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ta ló máa borí?"

Ìgbà náà ni mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, "Ẹni tó bá ń wò látòkèèrè ò ní mọ̀ pé bàtà náà yàtọ̀, sà."

Ẹ̀rín dá. Ọ̀gbẹ́ni Codd ń ká ìwé ìròyìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àwa máa mọ̀," ló wí.

Lorna ló tẹ̀ lé mi síta. "Mo ní kó o wá fi ẹsẹ̀ hàn mí. Bàtà àwọn márààrún yẹn, ta lo rò pé ó rán an?"

Mi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè.

"Oṣù méjì ni bàtà kan ń gbà mí," ló wí. "Ìfihàn á ti kọjá. Ṣé o lè dá a padà fún ẹni tó tà á?"

Mo wo ẹrẹ̀ òkè kàtídírà tó ti wọ inú awọ.

"Rárá, mà."

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹta

Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹrin. Berwick

Àjíǹde. Màmá sun ẹran àgùntàn, èmi àti òun nìkan. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbá fèrèsé. Mo wọ bàtà náà nínú ilé nítorí pé ilẹ̀ tutù.

"Ó rẹwà o," ni Màmá wí. "Kí ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí i?"

"Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni."

Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ó kàn kúrú ni.

"Reece ńkọ́?"

"Ó wà."

Fọ́ọ̀mù wà nínú àpò mi, mo ti kọ orúkọ mi sí i. Ìyókù ṣófo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹrin

Mo rò pé mi ò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbé mi lọ. Owó bọ́ọ̀sì ti di pọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Codd ní kí n máa po tíì. Mo po ife mẹ́tàdínlógún. Kálukú ní ife tirẹ̀ lórí ìkọ́, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ. Inú ife tí wọ́n ń kó ìṣó sí ni mo ti mu tèmi, lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀la! Ṣúgà méjì!"

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀la, ṣé tíì ṣì wà ní ọdún tẹ́ ẹ ti wá?"

Mo rò pé wọn ò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé láti oṣù kejì, kò sí ẹni tó pè mí ní Kester nínú abà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti fi ẹnìkan sí ìrù.

Ère ni. Lorna fi koríko gbígbẹ kún aṣọ òfurufú, ó fi àpò ìrẹsì ṣe orí, ó de fìlà awọ mọ́ ọn. Bàtà ẹni tó lọ sí Scotland ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti wọ bàtà yẹn tẹ́lẹ̀, gìgísẹ̀ mi ò tiẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ koríko ò ní wàhálà. Reginald ni Hollis sọ ọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Reginald!" Gbogbo wọn ń kí i bí wọ́n ṣe ń wọlé. "Reginald ò ráhùn. Reginald ò ra nǹkan láìbéèrè!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo lọ fọ àwọn ife.

Ó kàn mí láti sọ òótọ́ nínú ìwé tèmi: mo jowú àpò ìrẹsì.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Karùn-ún

Mo ti kọ gbogbo ojú ewé kìíní fọ́ọ̀mù àfi ibi ìfọwọ́sí. Wọ́n béèrè ìdí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò ju ìlà méjì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kìíní ìfihàn. Òjò, òjò. Bóyá ọgọ́rin èèyàn ló wá. Nídìí tíì ni mo wà, pẹ̀lú ẹ̀wù àti ṣòkòtò àgbẹ̀ àtijọ́ tí Lorna yá mi. Bàtà tí mo fi ń sáré ni mo wọ̀ wá. Ọ̀gbẹ́ni Codd rí i.

"Pílásítíìkì? Ní 1941?"

"Èyí àti èkejì yẹn nìkan ni mo ní, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Èyí tí wọn ò tíì bí yẹn sàn ju pílásítíìkì lọ. Wọ̀ ọ́ wá lọ́la. Kó o fa ṣòkòtò bò ó dáadáa, kí òkè ẹ̀ má hàn."

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Karùn-ún

Oòrùn yọ. Àwọn èèyàn kún pápá.

Ní nǹkan bí aago méjì, ìyá àgbàlagbà kan wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí tábìlì mi. Òun nìkan ni, pẹ̀lú ọ̀pá àti báàgì ọwọ́. Mo gbé tíì fún un. Kò gbà á. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ mi, níbo lo ti rí bàtà bàbá mi?"

Mo rò pé ó ti ń ṣarán. "Bàtà tèmi ni, mà. Ẹ̀dà ni. Ọkùnrin kan ló rán an fún mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Imú ẹ̀ yẹn. Ibi tí okùn gbà yẹn. Mo máa ń kun ti bàbá mi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi." Winifred Oxby lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ wá. "Etí tọ̀hún rí jágajàga yíká ọrùn ẹsẹ̀. Ajá ni mo rò pé ó jẹ ẹ́. Ìyá mi ní kí n má béèrè."

Mo wo ẹ̀yìn mi. Ọ̀gbẹ́ni Codd wà lọ́nà jíjìn, ó ń ṣàlàyé ìyẹ́ bàálù fún àwọn ọmọdé. Mo fa ṣòkòtò mi sókè.

Mo ṣí síìpù, mo bọ́ ti ọ̀tún, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ pa awọ rírọ̀ náà láti òkè wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ inú irun àgùntàn títí dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bí èmi ṣe ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dé.

"Àṣé nǹkan kan wà lókè ẹ̀," ló wí. "Àṣé ó lọ́wọ́ọ́wọ́ rí."

Ó mu tíì rẹ̀ wàyí. Ó ní ọdún 1944 ni bàálù já mọ́ bàbá òun lọ́wọ́ ní àríwá Faransé. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ rìn títí dé àwọn òkè tó pààlà pẹ̀lú Spain. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Kò gbọdọ̀ la ẹnu, torí ohùn rẹ̀ á tú u fó. Àwọn tó ń fún un lóúnjẹ nínú abà wọn ò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má bàa rí ohun jẹ́wọ́ bí wọ́n bá mú wọn.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ dùn ún. Ó ní ẹsẹ̀ kọ́. Ó ní odindi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ òun."

Mo fẹ́ sọ pé mo mọ bó ṣe rí, ojú tì mí. Ilé ìdáná kì í ṣe ojú ogun.

Dípò bẹ́ẹ̀ mo fi àpò kékeré inú bàtà hàn án, mo yọ ọ̀bẹ jáde. Kò gùn ju ìka mi lọ. "Èyí ni wọ́n fi ń gé e, mà. Ajá kọ́."

Ó gba ọ̀bẹ náà, ó wò ó lójú oòrùn. "Báwo ló ṣe máa ń gé?"

Mi ò mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó mọ̀. Mo gba ọ̀bẹ padà, mo sì ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ìránsí àkọ́kọ́.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀! Owó gidi lo fi rà á, ọmọ yìí!"

Òwú kan já. Ìkejì já. Ọ̀bẹ náà ò mú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo gé ìka mi, mo lá a, mo ń gé lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, èèyàn bíi mẹ́wàá ti dúró, Ọ̀gbẹ́ni Codd sì ń bọ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín wọn kọjá.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo ń gé e, sà."

Mo rò pé á lé mi kúrò ní pápá. Lorna ti sáré mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wá.

"Gbé ìyẹn pa mọ́, Lorna!" ni Ọ̀gbẹ́ni Codd pariwo. "Ta ló fún àwọn ọmọ ogun yẹn ní sísọ́ọ̀sì? Ọ̀bẹ yẹn ni wọ́n fún wọn." Ó fa àga, ó jókòó síwájú mi, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "Máa gé e lọ."

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni ti ọ̀tún gbà mí. Ti òsì gba mẹ́jọ, torí mo ti mọ̀ pé kí n fa òwú kí n tó gé e. Ọ̀gbẹ́ni Codd ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò.

"Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí," ló ń sọ fún Ìyá Oxby, "mi ò rí ẹni tó gé e rí, mà. Gbogbo wa ń sọ ọ́ lẹ́nu. Owó ẹ̀ ni kì í jẹ́ ká gé e." Ó kọjú sí mi. "Ṣé ó máa ń dun ọwọ́?"

"Ó ń dun ọwọ́ gan-an, sà."

"Ní òru, nínú kòtò, pẹ̀lú ẹ̀rù," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Mo wọ ìyókù. Mo so okùn. Mo jẹ́ kí ṣòkòtò wálẹ̀. Bàtà dúdú lásán ni.

"Lọ dé géètì kó o padà wá," ni Ọ̀gbẹ́ni Codd wí.

Mo rìn láàárín gbogbo èèyàn wọ̀nyẹn, láàárín àwọn ọmọdé àti ajá àti ẹni tó ń jẹ ṣọ́sééjì. Kò sí ẹni tó wò mí. Láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti wà ní ìlú yìí ni kò ti sí ẹni tó ń wò mí, ṣùgbọ́n òní ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn tó ń dúró dè mí.

Mo fi ìwé ìròyìn wé òkè bàtà méjèèjì fún Ìyá Oxby. Ó ní òun ò lè gbà á. Ó ti fi í sínú báàgì kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Kester, mà."

"Kester ọmọ ta?"

"Kester Rennie, láti Berwick."

"O ṣé, Kester." Ó tún pè é nígbà tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ti ń lọ, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn gíláàsì.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Codd dúró tì mí, ó ń wo bàtà.

"Ó bàjẹ́ báyìí o. Kò bá 1941 mu, kò sì bá 1943 mu mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìfihàn mìíràn wà nínú oṣù kẹsàn-án. Koríko Reginald á ti rà nígbà yẹn." Ó gbé àga méjì, ó lọ.

Lorna ń di ẹrù sínú ọkọ̀. "Mú ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ wá ní Àbámẹ́ta, lórí ìwé. Ẹlòmíràn ni kó yà á fún ẹ o. Má dá a yà! Mo ti ń wo bí ẹsẹ̀ òsì ẹ ṣe ń tiro láti oṣù kẹta."

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Karùn-ún

Mo jí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lábẹ́ ìrọ̀rí. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ti ọ́fíìsì tó ń gbà á.

Òórùn ẹyin ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo wá ìwé tó tóbi tó ẹsẹ̀ mi kiri nínú yàrá. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi kéré jù. Ohun kan ṣoṣo ló tó o, fọ́ọ̀mù náà: ewé méjì, ẹsẹ̀ méjì.

Tamsin nìkan ló wà ní ilé ìdáná, ó ń dín ẹyin. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìkarùn-ún ló jáde.

"Jọ̀ọ́, ṣé o lè bá mi fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ mi ká?"

Ó yíjú pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Ẹsẹ̀ ẹ? Ní àárọ̀ kùtù yìí?"

"Bàtà ni. Ọ̀rọ̀ náà gùn."

"Ó gbọ́dọ̀ gùn o, torí mo ti ń rí ẹ látìgbà òtútù nínú bàtà kan bíi ti awakọ̀ bàálù, mò ń dúró kó o sọ ọ́." Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ ewé náà. "Ìwé kí lèyí? Wọ́n ti kọ nǹkan sí iwájú ẹ̀."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ la máa lò."

Pẹ́ńsùlù náà tutù létí ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ibi tó dé.

"Nàró! O ń yí i padà. Kester, nàró, fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo nàró. Mo wo fèrèsé. Ó yí ti ọ̀tún ká, ó yí ti òsì ká, èmi sì ń sọ̀rọ̀ láti òkè wá, láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ihò inú ìbọ̀sẹ̀.

Ẹyin jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.